Aṣọ Pupa Inú Àpò Ṣòkòtò

Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù karùn-ún

Àbúrò mi, ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n, ọjọ́ mọ́kànlá rèé tí a ti pínyà. Mo ra ìwé yìí lọ́wọ́ ẹni tó ń ta gègé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo kọ́kọ́ mú èyí tó nípọn, mo wá rò ó pé kí ni mo tún fẹ́ bá ọ sọ tó máa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo ra èyí tó nípọn náà.

Ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́rin lo lò lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Mo kà á, torí kò sí iṣẹ́ mìíràn lórí bẹ́ǹṣì yẹn ju kí èèyàn máa ka nǹkan lọ. Ìwọ àti ọ̀gá iṣẹ́ yín lẹ jọ já bọ́, láti òkè kẹta ilé tẹ́ ẹ ń kọ́, lórí pákó kan náà, láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Wọ́n ní nínú fọ́tò tí wọ́n ya, bí ọpọlọ ẹ̀yin méjèèjì ṣe wú fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀gá yín béèrè omi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ń bú nọ́ọ̀sì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde, ìyàwó rẹ̀ gbé báàgì tẹ̀lé e. Ìwọ, ìka kan péré lo fún mi. Ìka ọwọ́ òsì. O fi tẹ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, ó parí síbẹ̀.

Lẹ́tà ilé-iṣẹ́ yín dé lónìí. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ máa jókòó lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀ láti wádìí ohun tó fa ikú rẹ, wọ́n sì bi mí bóyá mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Mo ní. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé ọ̀gá iṣẹ́ yìí ló fa ikú rẹ. Kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n kà á sókè, kí òun náà jókòó síbẹ̀ kó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá wu ayé kó ṣe.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Òjò látàárọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń já òwú. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àfi ẹ̀rọ, èébú sì ni.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Méjì nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ yà sọ́dọ̀ mi kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀kan ni èyí tí ẹ ń pè ní Àjànàkú torí pé ara rẹ̀ ò ju igi ìfọyín lọ. Wọn ò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé àwa la sọ ọ́ o."

"Ẹ ò tíì sọ nǹkan kan, ẹ ti ń bẹ̀rù."

Àjànàkú ní onílé ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣubú. Ọ̀gá ní kí wọ́n ká gbogbo aṣọ pupa tí ẹ so ṣe àmì ewu kúrò lára irin tẹ́ ẹ ń gùn, ó ní ilé òun ò gbọ́dọ̀ dà bí okùn ìsáṣọ. Ìwọ ní pákó àyè keje ò tíì ní ìdè, o ń lọ mú wáyà wá nísàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan aṣọ ibẹ̀. Ìgbà tí o padà gòkè, kò sí pupa mọ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló dúró lórí pákó náà, tó ń nawọ́ sí nǹkan.

"Àbúrò yín rò pé ẹlòmíì ti bá òun dì í ni. Ó gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n, èèyàn kan ni pákó yẹn lè gbà."

"Ṣé ẹ máa wá sọ ọ́ báyìí níwájú ìgbìmọ̀?"

Àjànàkú wo bàtà ara rẹ̀. "Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, ẹ̀gbọ́n."

Mi ò bú u. Ìgbà tí wọ́n lọ ni mo tó bú u.

O rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ gé aṣọ pupa yẹn fún ọ? Àjákù aṣọ ni, o ní atẹ́gùn ń tú etí wọn, mo bá fi ẹ̀rọ rán etí rẹ̀ ní kọ́lọkọ̀lọ. Ìwọ lo mú òfin náà dé ọ̀dọ̀ wọn: pákó tí wọn ò bá tíì dì, kí wọ́n so pupa mọ́ ọn; kí ẹni tó so ó kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà àyè sí i; ẹni tó so ó nìkan ló gbọ́dọ̀ tú u. Òfin mẹ́ta péré. Ọkùnrin kan ò lè pa òfin mẹ́ta mọ́ nítorí pé àlejò ń bọ̀.

Ọgbọ̀njọ́

Ìyàwó ọ̀gá iṣẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rí i lókèèrè, mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ó ti rí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni èmi àti ẹ̀ fi jọ sùn lórí bẹ́ǹṣì wọ́ọ̀dù, a jọ ń pín búrẹ́dì, ó máa ń da ìbora rẹ̀ bo àwa méjèèjì. Obìnrin náà kò ṣẹ̀ mí. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Ó gbé ọ̀rá kan lé orí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ṣòkòtò iṣẹ́ ọkọ mi ni, ẹ bá mi rán an. Wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé e kúrò lára rẹ̀ nílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn. Ó kọ̀ kí n jù ú nù. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ sì ní kó wọ aṣọ iṣẹ́ lọ bá ìgbìmọ̀, kí wọ́n rí i pé òṣìṣẹ́ lòun náà."

"Ṣé o ti fọ̀ ọ́?"

"Mi ò lè fọwọ́ kàn án. Bí nọ́ọ̀sì ṣe kó o sínú ọ̀rá ló ṣe wà."

Mo ní kó fi sílẹ̀. Ẹnu mi ló sọ ọ́, kì í ṣe ọkàn mi.

Ìgbà tó lọ, mo tú ọ̀rá náà. Ìyẹ̀pẹ̀, sìmẹ́ńtì, ẹ̀jẹ̀ tó ti dúdú. Mo máa ń tú àpò wò kí n tó rán aṣọ oníbàárà; ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àpò òsì, bíárò kan. Àpò ọ̀tún, aṣọ pupa kan tí wọ́n ká pọ̀ bí ẹni ká àkísà.

Etí rẹ̀ jẹ́ kọ́lọkọ̀lọ. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ìkọ̀wé rẹ ni. 4/3, ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣubú. Mẹ́rin rẹ tó máa ń dà bí àga tó dojú dé, tí tíṣà fi nà ọ́ ní pírámárì kejì. Lábẹ́ rẹ̀, 7.

Mi ò sunkún. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo pọ̀n ọ́. Mo mọ̀ pé aṣọ lásán ni. Mo fi gèlè so ó mọ́ ẹ̀yìn mi, mo sì rìn yí ẹ̀rọ ká.

Ọwọ́ mi ti tẹ ọ̀gá yín.

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Òwú pupa ti wọ́n sí i. Ẹni tó ń tà á ní òun kọ́ ló ṣe é. Gbogbo ayé ni kì í ṣe òun ló ṣe é.

Lẹ́tà mìíràn dé, ti lọ́yà ilé-iṣẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní: ìṣubú kan náà, orí méjì, ọ̀kan yè. Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ kì í ṣe ìṣubú, irú ẹ̀jẹ̀ tí olóògbé jogún ni. Ó ní ilé ìwòsàn ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé ọpọlọ àwọn tó ní irú rẹ̀ kì í tètè sàn.

Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ? Wọ́n ní bàbá wa àti ìyá wa ló pa ọ́. Wọ́n ní láti inú ilé la ti gbé ikú rẹ wá.

Ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ ni kò jẹ́ kí n lè jẹun. Dókítà onígíláàsì, èyí tó gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì fún ìwádìí rẹ̀, èmi nìkan ló sọ ọ́ fún, ní ọ̀sẹ̀ keje. Ìyàwó ọ̀gá iṣẹ́ wá kí wa lọ́jọ́ yẹn, ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n wí?" Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, mo tún ń sunkún lé e léjìká. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sọ fún lọ́yà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Dárí jì mí. Mi ò ní dárí jì wọ́n.

Ọjọ́ karùn-ún

Mo lọ bá dókítà onígíláàsì. Bí mo ṣe wọlé ni mo gbé lẹ́tà náà síwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe èmi ni mo fún wọn."

"Mo mọ̀. Èmi ni. Ohun tí mo wá bi yín ni bóyá òótọ́ ni."

Ó ka lẹ́tà náà tán. "Apá kan ẹ̀ jẹ́ òótọ́, mi ò ní parọ́ fún yín. Nínú ohun tí bàbá àti ìyá fi sára wa, ibì kan wà tó ní ọwọ́ nínú bí ọpọlọ ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe tó bá fara pa. Kò rí bákan náà lára gbogbo èèyàn. Àwọn tó ní irú ti àbúrò yín, ara wọn sábà máa ń pẹ́ kó tó yá, ti àwọn mìíràn kì í yá. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó ní in tó dìde, tó ń ka ìwé ìròyìn fún mi. Mo sì ti rí ẹni tí kò ní in tó kú. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀. Ibi tí orí ti gbálẹ̀ wà níbẹ̀. Àwa gan-an ṣì ń wádìí ẹ̀."

Mo ronú sí i. "Ìyẹn ni pé, bí aṣọ méjì bá há mọ́ ìṣó kan, tí wọ́n sì fà á, ọ̀kan lè ya ju èkejì lọ."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ìṣó náà ńkọ́? Ta ló kàn án síbẹ̀?"

Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún. "Ìyẹn ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni."

"Ṣé ẹ máa wá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Mo máa wá."

Kí n tó lọ, ó bi mí bóyá mo lè fún òun ní ẹ̀jẹ̀ tèmi náà fún ìwádìí, torí ọmọ ìyá kan ni wá. Mo na apá. Mo ní kó gbà á dáadáa, kí lọ́yà kankan má tún rí àbọ̀ ọ̀rọ̀ gbé sá lọ.

Ọjọ́ kọkànlá

Mo rán ṣòkòtò náà lónìí. Baba alágbàfọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́.

"Ti ọkùnrin yẹn nìyẹn? Gbé e wá kí n jó o. Tí wọ́n bá bi ọ́, ní kí wọ́n wá bi mí. Arúgbó ni mí, kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe?"

"Rárá o, Baba. Ẹ bá mi lọ̀ ọ́ dáadáa. Mo fẹ́ kó dán."

Ó wò mí títí. "Obìnrin yìí, o léwu."

Ẹsẹ̀ méjèèjì, mo rán an kó lágbára. Ọwọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́nà mìíràn. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀, láti abẹ́ dé ibi bẹ́líìtì, òwú gbọọrọ kan ṣoṣo ni mo fi gán an, bí ẹni ń gán aṣọ tó ṣì máa tú. Tó bá dúró, kò ní sí nǹkan kan. Tó bá jókòó, tó tún dìde, ayé á rí i.

Mo mọ̀ pé ìwọ kò ní fẹ́ ẹ. Ìwọ kò sí ńbí.

Ọjọ́ kejìdínlógún

Òun fúnra rẹ̀ ló bá ìyàwó rẹ̀ wá gba ṣòkòtò. Ó sanra. Orí rẹ̀ ti hu irun bo ojú ọgbẹ́. Mo ti kó ọ̀rọ̀ jọ láti ọjọ́ yìí wá, gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu mi bí abẹ́rẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mi ò rántí ọjọ́ yẹn. Mo rántí pé mo mu tíì láàárọ̀. Lẹ́yìn náà, ojú nọ́ọ̀sì ni."

"O ò rántí aṣọ pupa?"

"Aṣọ pupa wo?"

Mo wo ojú rẹ̀ bí mo ṣe ń wo ojú abẹ́rẹ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àbúrò mi, mo lè fara da ẹlẹ́rù ẹ̀ṣẹ̀. Ọkùnrin yìí ti sọ ẹrù tirẹ̀ nù lójú ọ̀nà, kò sì mọ̀ pé òun gbé ẹrù rí. Baba alágbàfọ̀ ní irọ́ ló ń pa. Mo fi fóònù bi dókítà. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́, pé orí tó sàn dáadáa gan-an lè má rí ọjọ́ tó fara pa gbà padà láéláé.

Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo gbé ṣòkòtò fún un. Ó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀, bó ṣe lọ.

Yàrá kan tó ní fèrèsé mẹ́ta, tábìlì gígùn, èèyàn márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin ni alága, ó ń fi gègé lu tábìlì. Lọ́yà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi pé ọ̀gá iṣẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀, pé ìwọ lo lọ fi ẹ̀jẹ̀ tí kò dáa ba iṣẹ́ wọn jẹ́.

Dókítà onígíláàsì dìde. Ó sọ ohun tó sọ fún mi, apá tó dùn mọ́ mi nínú àti apá tí kò dùn. Lọ́yà ní, "Nítorí náà, dókítà, ẹ gbà pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà nínú ohun tó pa á?"

"Ó lè wà nínú ohun tí kò jẹ́ kó sàn," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í ti èèyàn lulẹ̀ láti òkè kẹta."

Alága kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí i.

Wọ́n pe ọ̀gá iṣẹ́. Ó dìde. Àbúrò mi, ṣòkòtò náà ya. Ó ya pẹ̀ẹ̀ẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ funfun báláú. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ni gbogbo yàrá bá bú sẹ́rìn-ín. Ó fi fáìlì bo ìdí, fáìlì kéré. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò ní parọ́ fún ọ, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìyàwó rẹ̀ ló tú gèlè orí rẹ̀, tó lọ fi ró o ní ìdí níwájú gbogbo èèyàn, tó ń so ó rọra bí ẹni ń wọṣọ fún ọmọdé. Lẹ́yìn náà ó yíjú, ó wò mí. Ó ti mọ̀.

Ó dùn. Kò pẹ́.

Wọ́n pè mí. Mo tẹ́ aṣọ pupa sórí tábìlì. Mo ní èmi ni mo rán etí rẹ̀, àbúrò mi ló kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà sí i, òun nìkan ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti tú u. Mo ní inú àpò ọ̀tún ṣòkòtò tí ọkùnrin yìí wọ̀ báyìí ni mo ti bá a.

Lọ́yà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mà, télọ̀ ni yín. Aṣọ pupa wà lọ́wọ́ yín, gègé wà lọ́wọ́ yín, ṣòkòtò wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀nà wo la fẹ́ gbà mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

Gbogbo òru tí mo ti ń rò ó, mi ò rò ó débẹ̀.

Alága yíjú sí ìyàwó. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ gbé ṣòkòtò yìí lọ fún un. Báwo ló ṣe wà?"

Mo wo orí rẹ̀ tí kò ní gèlè mọ́. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, ó parí, ìdí ṣòkòtò kan ni mo fi ta ìdájọ́ àbúrò mi.

"Nínú ọ̀rá ilé ìwòsàn ló wà," ó ní. "Nọ́ọ̀sì ló dì í. Èmi ò tú u wò. Ṣùgbọ́n ọ̀rá náà mọ́ gaara bíi gíláàsì, mo rí nǹkan pupa tó yọ orí lẹ́nu àpò. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Ìdí tí mi ò fi lè fọwọ́ kàn án nìyẹn."

Ọkọ rẹ̀ ní, "Ìwọ!"

"Èmi náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn," ó dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí."

Ẹnì kan dìde lẹ́yìn. Àjànàkú ni, akoto lábẹ́ apá. Ó ní òun náà ní ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n kà á sókè. Mo ní kí wọ́n tún un kà, wọ́n tún un kà. "Ohun tó fa ikú ni ìṣubú. Ohun tó fa ìṣubú ni àmì ewu tí ọ̀gá iṣẹ́ tú kúrò láìní ẹ̀tọ́. Ẹ̀jẹ̀ olóògbé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀." Wọ́n gba ipò ọ̀gá lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ darí òṣìṣẹ́ mọ́. Ilé-iṣẹ́ fi í sí ẹnu géètì, kó máa ṣí i, kó máa tì í.

Baba alágbàfọ̀ bi mí pé, "Ó tó?"

"Kò tó."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń bi ọ́ ni."

Ọjọ́ kẹrin, oṣù keje

Èsì ẹ̀jẹ̀ mi dé. Irú tìrẹ ni. Dókítà ń ṣe jẹ́jẹ́, ó ń wò mí bóyá màá sunkún. Ó ní kò túmọ̀ sí pé nǹkan kan máa ṣe mí, kí n sáà máa ṣọ́ orí mi. Inú mi dùn, àbúrò mi. Mo ti ń wá ibi tó o ṣẹ́ kù sí, inú ara mi lo wà.

Baba alágbàfọ̀ ti gba àga tí mo máa ń gùn lọ́wọ́ mi. Ó ní bí mo bá fẹ́ nǹkan lórí pẹpẹ, kí n pariwo pe òun.

Ìyàwó náà gbé ṣòkòtò yẹn padà wá. Mo rán ìdí ṣòkòtò náà níwájú rẹ̀, òwú méjì, ẹ̀ẹ̀mejì. Nítorí tirẹ̀ ni, kì í ṣe nítorí ọkọ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ

Mọ́ńdè. Ojú ọjọ́ dá. Mo gé aṣọ pupa ogún, mo rán etí gbogbo wọn, mo gbé wọn lọ síbi iṣẹ́ yín láàárọ̀. Ó ṣí géètì fún mi. Ó wọ ṣòkòtò náà.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Kí lẹ gbé wá?"

Mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo sọ fún un. Àlejò tó ń bọ̀, okùn ìsáṣọ tó fi wé e, wáyà tó o lọ mú nísàlẹ̀, ọwọ́ tó fi tú u, àpò tó ká a sí, pákó tó dúró lé. Mi ò fo ìkankan. Ojú rẹ̀ pupa.

"Mi ò rántí, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run gbọ́, mi ò rántí."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

Àjànàkú sọ̀kalẹ̀ wá gba àwọn aṣọ náà, ó kọ ọjọ́ sí ọ̀kan, ó lọ so ó mọ́ irin níbi tí wọ́n ti máa rí i láti ẹnu géètì. Ọkùnrin náà ń wò ó. Nígbà tí mo dìde, ó béèrè bóyá màá tún wá.

Màá tún wá. Gbogbo Mọ́ńdè, aṣọ pupa ogún. Màá máa gé wọn, màá máa rán etí wọn, màá máa gbé wọn lọ, màá sì máa jókòó sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ojú mi bá ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́.